Nígbà Tí Ọ̀pá Áńtẹ́nà Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn láàárín ọdún 1980 sí 1989 yóò rántí pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tẹlifíṣàn máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Àwa ọmọdé kì í dúró dìgbà náà. Láti nǹkan bí agogo mẹ́ta àbọ̀ ni a ti máa ń jókòó sórí ẹní níwájú àpótí onígi tí bàbá mi máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, a ó sì tẹjú mọ́ àwọn ìlà gbọọrọ tó wà lójú rẹ̀, tí ohùn kan ṣoṣo ń dún fíìn lábẹ́ wọn láìdánudúró. Kò sí ohun kankan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ a kò lè gbójú kúrò. Bí orin orílẹ̀-èdè bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó dìde dúró nínú pálọ̀ bí ẹni tó wà ní ilé ìwé.

Èmi ni mo ni iṣẹ́ áńtẹ́nà. Lórí ọ̀pá ọparun gígùn kan lẹ́yìnkùlé ni wọ́n so ó mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ kọjú sí òpó gíga ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn, nítorí gbọnrangandan ni ìgbì tó ń gbé àwòrán wá máa ń rìn, ìlú olókè sì ni Ìbàdàn. Bí atẹ́gùn òjò bá ti yí ọ̀pá náà díẹ̀, gbogbo ojú tẹlifíṣàn á di funfun. Màmá mi yóò máa wo àwòrán nínú pálọ̀, àbúrò mi yóò dúró lójú fèrèsé láti jẹ́ alárinà, èmi yóò sì di ọ̀pá mú nínú ẹrẹ̀. “Bọ̀dá mi, ẹ yí i padà díẹ̀! Ó ti ń dára! Ẹ má mira o!” Bí mo bá wá tọwọ́ kúrò lára rẹ̀, àwòrán á tún bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ eré ni mo fi etí gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé, tí n kò fi ojú rí.

Bàbá mi a máa sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ náà bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1953, gómìnà òyìnbó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn aṣáájú Ìwọ̀-Oòrùn lórí rédíò nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láàyè láti fèsì, wọn kò gbà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu láti ní ẹnu tirẹ̀, ó sì bá ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan dòwò pọ̀, títí WNTV, tẹlifíṣàn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. “Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” ni wọ́n ń pè é. (Àwọn ará Mòrókò ti ní tiwọn ní 1954, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn létí bàbá mi?) Nígbà tí èmi fi gbọ́njú, ó ti bọ́ sábẹ́ NTA, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1977 dá sílẹ̀.

Mósè Ọláìyá, aláwàdà tí a mọ̀ sí Baba Sàlá, pẹ̀lú awò ojú ràgàjì àti tai labalábá rẹ̀, ni gbogbo àdúgbò jọ ń wo. Àwọn ọmọ tí kò ní tẹlifíṣàn nílé á kún ojú fèrèsé wa. Ti babaláwo Yẹmí Ẹlẹ́buìbọn, ètò Ifá Olókun Aṣọ̀rọ̀dayọ̀, yàtọ̀. Díákónì ni bàbá mi, wọ́n á ní àwọn kì í wo ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ọwọ́ wọn kì í ṣí sí ojú ewé mìíràn títí ètò náà yóò fi parí.

Síbẹ̀, ìkéde ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù. Fọ́tò òkú kan á dúró lójú tẹlifíṣàn, ohùn kan á máa ka orúkọ àwọn ọmọ, ilé tí wọ́n ti ń ṣe àìsùn àti aṣọ tí wọn yóò wọ̀. Màmá mi a pariwo pé, “Ẹ̀ẹ́! Ìyá aláṣọ tí a jọ ń ná ọjà Dùgbẹ̀ nìyẹn!” Wọ́n á tún fi ọmọ tó sọnù hàn, ọmọ tó lè jẹ́ ti ojúlé kejì. Ọgọ́rùn-ún ìkànnì tí mo ń sanwó fún lónìí kò mọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò mi. Ó sì ń bí mi nínú pé púpọ̀ nínú àwọn eré ìgbà náà kò sí mọ́, nítorí téèpù wọ́n, wọ́n sì máa ń ká tuntun lé ti àtijọ́ lórí.

Alẹ́ kan, wọ́n gbàgbé láti lé mi lọ sùn. Ìròyìn agogo mẹ́sàn-án parí, fíìmù parí, orin orílẹ̀-èdè dún, lẹ́yìn náà ni àwòrán pòórá, tí ohun funfun wínníwínní sì ń hó ṣììì lójú tẹlifíṣàn. Mo rò pé áńtẹ́nà ló yí, mo dìde láti lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Màmá mi dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Kò bàjẹ́,” wọ́n ní. “Àwọn náà ti lọ sùn.”