Kámẹ́rà àyà ọlọ́pàá yẹn, ìyá kan ló jà á gbà

Wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù London níbí, alẹ́ ni mo sì máa ń ṣe jù torí àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ẹ mọ handover, ìgbà tí àwọn tó ṣe ọ̀sán bá ń fa iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́. Ohun kan wà tí mo máa ń gbọ́ níbẹ̀ tó máa ń dùn mí wọ eegun. Tó bá jẹ́ òyìnbó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, wọ́n á ní lágbájá ò sùn látàná o, ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ tiwa, kí wọ́n tó dárúkọ ẹ̀ rárá wọ́n á ti ní dúdú ni, ó ga, ó sígbọnlẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má dá wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ ó débẹ̀ ẹ ó bá ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń gbọ̀n.

Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ irú ẹ̀, Olaseni Lewis ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ ọdún 23 ni, ó ti gboyè nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2010 ìwà ẹ̀ kàn dédé yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn òbí ẹ̀ fúnra wọn ló wá ìtọ́jú fún un títí tí wọ́n fi gbà á sí Bethlem Royal, ọsibítù ọpọlọ kan ní London níbí. Òun náà gbà láti wọ̀ ọ́, ẹnì kankan ò fipá mú un. Ìgbà tílẹ̀ ṣú àwọn òbí ẹ̀ lọ sílé, Seni ní òun náà fẹ́ lọ, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá mọ́kànlá! Wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n fi kóńdó lù ú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àpapọ̀ ẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò mira mọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ló kú.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọsibítù ni, àwọn oníṣègùn wà nítòsí. Àwa òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù la máa ń gbé fóònù, àwa là ń sọ fún ọlọ́pàá irú ẹni tó wà nínú yàrá, tá a bá ti ní ó tóbi ó lágbára, nǹkan tí wọ́n máa gbé sọ́kàn wọlé náà nìyẹn. Nílùú yìí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin òyìnbó tí wọ́n máa ń fi òfin dá àwa aláwọ̀ dúdú dúró sí ọsibítù ọpọlọ. Àwa dúdú náà sì pọ̀ gan-an nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá lápá méjèèjì.

Ìyá Seni, Ajibola Lewis, pẹ̀lú bàbá ẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìwádìí àkọ́kọ́ tí àjọ tó ń rí sí ẹ̀sùn ọlọ́pàá ṣe, kóòtù ló fagi lé e kí wọ́n tó lè ṣe òmíràn. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn ò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọdún méje gbáko kí kóòtù tó ń wádìí ikú tó gbọ́ ọ ní 2017, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ọ sọ pé agbára tí ọlọ́pàá lò pọ̀ jù, kò bọ́gbọ́n mu. Síbẹ̀ wọ́n dá ọlọ́pàá mẹ́fà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ kàn láre lọ́dún yẹn kan náà. Mi ò mọ ibi tí ìyá ti ń rí agbára ẹ̀, ó tún ń jà kí wọ́n ṣe òfin tuntun. Steve Reed, aṣòfin tó ń ṣojú Croydon North nígbà náà, gbé àbá òfin náà wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lọ́jọ́ kan ní 2018 aṣòfin mìíràn dìde ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ó lé, àkókò bá tán mọ́ àbá náà lọ́wọ́. Wọ́n tún padà wá. Oṣù kọkànlá 2018 ó di òfin, Òfin Seni là ń pè é, àmọ́ 2022 ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí gbogbo ọsibítù ọpọlọ kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè pẹ̀tù sí nǹkan láìfọwọ́ kan èèyàn, kí wọ́n máa kọ ìgbà tí wọ́n bá fipá mú aláìsàn sílẹ̀ àti irú èèyàn tó jẹ́, kí ọlọ́pàá tó bá wọ wọ́ọ̀dù sì tan kámẹ́rà àyà ẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, bẹ́ẹ̀ la máa ń sọ, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ sínú yàrá, tí a ó ní ọwọ́ ayé ni, títí á fi di aago mẹ́ta òru tí a ó fi pariwo pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí. Ẹ tètè pe dókítà. Tí ẹ bá sì gbé ọmọ yín lọ, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́jú, ẹ sọ fún wọn bó ṣe máa ń ṣe tẹ́rù bá ń bà á. Lọ́dọọdún níparí oṣù kẹwàá àwọn ẹbí tí èèyàn wọn kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Trafalgar Square lọ sí Downing Street níbi tí olórí ìjọba wà, ó wù mí kí n rí wa níbẹ̀ bí a ṣe máa ń kún òde ọjọ́ Sátidé, aṣọ ẹbí ni ẹ fẹ́ wọ̀ ni, ẹ ṣá wá.

Lálẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, bí aago méjì, ọmọkùnrin kan ń gbá ilẹ̀kùn ní wọ́ọ̀dù wa, kò dáwọ́ dúró, nọ́ọ̀sì bá pe ọlọ́pàá. Méjì ló wá. Mo dúró síwájú wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé kámẹ́rà yín wà ní títàn? Èyí tó ṣáájú wo ojú mi, ó wo káàdì ọrùn mi, ó wá tẹ nǹkan láyà ẹ̀, ó dún pí-pí, iná pupa kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo pe ọmọ náà lórúkọ. Mo ní wọn ò ní fọwọ́ kàn ẹ́, èmi nìyí. Ó dákẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo lọ bu omi wá.