Ọdún tí Bàbá kò sí létí pápá mọ́

Bí mo bá ṣe àyẹ̀wò ọdún 2025 yìí títí, oṣù Keje nìkan ni yóò gba gbogbo ojú ìwé, nítorí oṣù náà ni Bàbá, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, fi wá sílẹ̀, tí ohun gbogbo tí ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn ọmọ wa ṣe nílé-Ifẹ̀ níbí ṣáájú rẹ̀ sì di ohun tí n kò fi bẹ́ẹ̀ rántí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ fìlà rẹ̀, ẹ sì mọ àga oníke rẹ̀.

Ìwà tó yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá létí pápá ni ogún tó fi sílẹ̀ fún mi. Bí a bá gba ìsinmi oníṣẹ́jú kan láàrin ìdíje, yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ mu omi, yóò lóṣòó síwájú wọn kí ojú rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ tiwọn, yóò wá sọ ohun kan ṣoṣo: “Ẹ tètè máa padà sẹ́yìn,” tàbí “Ẹ wo ẹni tó wà ní igun.” Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò lè gbé ju ọ̀kan lọ padà sórí pápá. Ó fẹ́ràn láti máa sọ pé lẹ́yìn tí James Naismith dá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1891, ó tó nǹkan bí ọdún 1949 kí òfin àwọn yunifásítì wọn tó gba akọ́nimọ̀ọ́gbá láyè láti bá agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà ìsinmi bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ó sì dùn.

Ní ti rẹfirí, òfin FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé, sọ pé ẹnì kan péré, yálà akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà tàbí igbákejì rẹ̀ àkọ́kọ́, ló lè wà lórí ìdúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwà àìtọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fún ikọ̀ kejì ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ kan láti jù sáwọ̀n, bí òun fúnra rẹ̀ bá sì jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi pápá sílẹ̀. Ìdí tí Bàbá kì í fi í bú rẹfirí tún yàtọ̀: àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ fèrè ló ń wá fún wa, ẹni tí a bá sì bú lónìí kò ní padà wá lọ́la.

Lọ́dún 2024, nígbà tí D'Tigress, ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà, di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kù nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Òlíńpíìkì, tí wọ́n sì yan Rena Wakama tó ń kọ́ wọn ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ nínú ìdíje àwọn obìnrin ní Paris, Bàbá kó àwọn ọmọ jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí wọ́n máa wo ojú obìnrin náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yìí, D'Tigress na Mali ní Abidjan, wọ́n gba ife Áfíríkà nígbà karùn-ún léraléra. Mo ti gbé fóònù láti pè é kí n tó rántí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ariwo rẹ̀ ìbá jí gbogbo àdúgbò Lágere lálẹ́ ọjọ́ náà, gúgúrú àti ẹ̀pà tó máa ń fi pamọ́ fún àwa àgbà nìkan ìbá sì di tọmọdé tàgbà.

Ní oṣù Kẹsàn-án, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tí a jọ díje jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀ tó ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì tí kò wọlé, ó sì yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà fa aṣọ bojú, kò sì mu omi tí wọ́n nà sí i. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Ọmọ tó bá ṣe àṣìṣe gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù kí a tó pààrọ̀ rẹ̀, kí ó má baà jókòó ti àṣìṣe náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ru omi wá láti Sábó àti Modákẹ́kẹ́. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, mo fẹ́ bá àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta ṣe àdéhùn pé a ó máa bọ rẹfirí lọ́wọ́ ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀, a kò ní pariwo mọ́ ọmọ lórí àṣìṣe, a ó sì bẹ àwọn òbí kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́, kí wọ́n fi ìtọ́ni sílẹ̀ fún wa. Méjì ti gbà. Ẹ̀kẹta, ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ní òun yóò rò ó wò. Ṣùgbọ́n ó bi mí ní ọjọ́ tí ìpàdé náà bọ́ sí, mo sì ti sọ fún un.