Ìbọ̀sẹ̀ Dúdú ní Ọjọ́ Ìwẹsẹ̀

Nínú ìjọ Adventist, a kì í jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa láìkọ́kọ́ wẹ ẹsẹ̀ ara wa. Ìlànà ìrẹ̀lẹ̀ ni a ń pè é, inú orí kẹtàlá Ìhìnrere Jòhánù ni a sì ti rí i, níbi tí Jésù ti di aṣọ ìnura mọ́ ìbàdí, tí ó bu omi sínú abọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ó máa ń wáyé lọ́dọ̀ wa. Bí ìwàásù bá ti parí, àwọn ọkùnrin á gba yàrá tiwọn lọ, àwọn obìnrin á gba tiwọn, àwọn díákónì á ti to abọ́ oníke, aṣọ ìnura àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, oníkálùkù á sì wá ẹni tí wọn yóò jọ wẹ ẹsẹ̀ ara wọn. Bí ìwọ àti ẹnì kan bá wá ní gbólóhùn asọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni ojú gbogbo ìjọ máa ń wà lára yín, láti mọ̀ bóyá ẹ ó wá ara yín lọ, tàbí ẹ ó rọra yà fún ara yín bí ajigbèsè tí ó rí olówó rẹ̀ lọ́jà.

Ní òpin oṣù Kejìlá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ìjọ wa kékeré ní ìhà Kubwa, ní Àbújá, pé èmi àti Alàgbà kan ní ọ̀rọ̀. Orí oòrùn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì títí di ìgbà tí yóò wọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, a kì í sì í tà, a kì í rà, láàárín àkókò náà. Nítorí náà, ìṣẹ́jú tí oòrùn wọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Alàgbà ní kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn, tí àkókò wíwọ̀ oòrùn wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ inú ọdún, ó sì ti gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọ. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni èmi ń ṣe jẹun. Mo ti ṣàlàyé fún Bàbá, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i, pé ìhà ìlà-oòrùn Ìbàdàn ni Àbújá wà. Pé bí ayé ṣe ń yí, ìwọ̀n dígírì kan ṣoṣo tí ènìyàn bá fi sún sí ìlà-oòrùn, ìṣẹ́jú 4 ni oòrùn ibẹ̀ fi ń yá ju ti ẹ̀yìn lọ. Àti pé bí a bá ṣe ìṣirò náà dópin, oòrùn Kubwa á ti wọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú ti Ìbàdàn. Ní òpin ọdún, bí tiwa bá wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:15, tiwọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6:30.

Alàgbà gbọ́ mi dé òpin, nítorí kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé, “Arákùnrin, ní ọdún 1914 tí David Babcock gbé ìhìn yìí wá sí ilẹ̀ wa, Ẹ̀rúnmu ni ó tẹ̀dó sí, lẹ́bàá Ìbàdàn. Oòrùn tí ó bá níbẹ̀ ni bàbá mi bá, òun náà sì ni èmi ń tẹ̀lé.” Ọmọ Ẹ̀rúnmu ni Alàgbà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìwọ̀n ilẹ̀ dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Bí mo bá na ọwọ́ sí oòrùn tí ó ti wọ̀, á ní kò tíì wọ̀, òkè ni ó bò ó. Òkè sì pọ̀ ní Kubwa lóòótọ́, èyí tí kò jẹ́ kí ẹjọ́ mi rọrùn láti rò.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ìwẹsẹ̀ ku ọ̀la, omi ẹ̀rọ kò yọ ní àdúgbò. Èmi ni olórí àwọn díákónì, ọrùn mi ni wàhálà omi sì wà. Mo ti bá mẹrúwà kan ṣe àdéhùn láti ọ̀sán pé kí ó wá pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù méjì tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjọ. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Àbújá mọ àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí, tí wọ́n máa ń to kẹ́ẹ̀gì omi sórí ọmọlanke, tí wọ́n á sì máa tì í gun òkè sọ̀ kalẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Aago márùn-ún ni àdéhùn wa. Ó ti kọjá aago mẹ́fà kí a tó gbọ́ ìró táyà rẹ̀. Ó sáré da omi kún dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ó sì ti gbé kẹ́ẹ̀gì lé èjìká láti bẹ̀rẹ̀ èkejì nígbà tí mo wo aago mi.

“Ó tó,” ni mo wí. “Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé.”

“Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,” ni Alàgbà wí, ó ti já kàlẹ́ńdà Ìbàdàn kúrò lára ògiri, ó sì gbé e dání.

Mẹrúwà dúró pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí èjìká, ó ń wo ẹnu mi, ó ń wo ẹnu Alàgbà. Alàgbà ní kí ó dà á. Mo ní kí ó má dà á. Mo tọ́ka sí ojú ọ̀run, Alàgbà tọ́ka sí òkè. Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí ládàánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa fi ké pe ìrun Mọ̀gàríbì, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ pé a kì í pè kí oòrùn tó wọ̀. Ni mẹrúwà bá sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó ṣí i, ó fi omi tí à bá rà ṣe àlùwàlá rẹ̀ dáadáa, ó ṣan ọwọ́, ó ṣan ojú, ó wẹ ẹsẹ̀ méjèèjì dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Òun ni ó kọ́kọ́ wẹ ẹsẹ̀ nínú gbogbo wa ní ọ̀sẹ̀ náà.

“Ṣé ohùn ládàánì ni a ó wá máa fi pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ báyìí?” ni Alàgbà bi mí.

“Bàbá, oòrùn kan náà ni gbogbo wa ń wò.”

Kò dá mi lóhùn. Ó wọlé bá àwọn tí ń kọrin ìbẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó tì í sọ fún mi pé 6:30 gééré ni ó tó la ẹnu tirẹ̀. Bí a ṣe fi dúrọ́ọ̀mù omi kan ṣoṣo sùn nìyẹn, tí ọjà omi sì ti tì títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Ọyẹ́ ọjọ́ kejì mú gan-an. Ọyẹ́ Àbújá a máa la gìgísẹ̀ ènìyàn, nítorí náà mo ti fi òrí pa ẹsẹ̀ mi láti òru, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́ fi ọwọ́ kan ohun tí yóò gé e lọ́wọ́. Lórí òrí yìí ni mo wá wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun, dúdú bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe lè dúdú mọ, èyí tí mo rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Berger lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ wa. Ó ní ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti kó o wá. Mo jókòó nínú bàtà aláwọ láti Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi títí tí ìwàásù fi parí, ẹsẹ̀ mi sì ń gbóná dáadáa; mo tilẹ̀ ń yin ọmọ náà nínú ọkàn mi.

Nígbà tí a dé yàrá àwọn ọkùnrin, iná ti lọ, eruku ọyẹ́ sì ti bo fèrèsé débi pé a kàn ń rí òjìji ara wa ni. Mo ṣì ń wò ó bóyá kí n lọ bá Alàgbà tàbí kí n dúró kí ó wá bá mi, nígbà tí mo rí i tí ó gbé abọ́ dání, tí ó di aṣọ ìnura funfun mọ́ ìbàdí, tí ó sì ń bọ̀ tààrà. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo yára bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, mo jókòó, Bàbá sì fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó gbé ẹsẹ̀ mi sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó dijú, ó ń fi ọwọ́ ra á, ó sì ń gbàdúrà sókè pé, “Olúwa, ohunkóhun tí ó bá wà láàárín èmi àti arákùnrin mi yìí, wẹ̀ ẹ́ kúrò lónìí. Bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, Olúwa, mú un jáde.”

Gbogbo yàrá ṣe àmín. Alàgbà la ojú, ó sì wo inú abọ́.

“Háà! Arákùnrin, kí ni o wọ̀ wá lónìí?”

“Ọkọ̀ ni mo wọ̀ wá, Bàbá.”

“Ọkọ̀ èédú?”

Ìgbà náà ni mo tó tẹ orí ba wo ẹsẹ̀ mi. Láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọńdinrín, ó dúdú, ó sì ń dán, nítorí òrí ti di aró náà mú ṣinṣin. Omi inú abọ́ kò yàtọ̀ sí omi ìkòkò aláró. “Bàbá,” ni mo wí, “aró ìbọ̀sẹ̀ ni ó bọ́.”

“Ìbọ̀sẹ̀ kọ́, ìkòkò aró ni,” ni Alàgbà wí, ó sì ní kí wọ́n da omi náà nù kí wọ́n bu òmíràn wá. Alàgbà kì í ṣe ẹni tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Omi kejì dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ó ti wá bẹ̀rẹ̀ sí fi èékánná họ ọ́. Ní ìkẹta, ó gbé ojú sókè wò mí, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tí gbogbo yàrá gbọ́ bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé gbogbo èyí ni o ti ń dì mí sínú?”

Ẹ̀rín sọ. Àwọn ọkùnrin tí ó yẹ kí wọ́n wà nínú àdúrà di ògiri mú. Láàárín ẹ̀rín náà ni díákónì kékeré kan wá tẹ̀ mí létí pé omi ti ń lọ sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, pé àwọn obìnrin ti bu tiwọn, àti pé ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tó. Alàgbà gbọ́.

“Ẹ lọ bu nínú dúrọ́ọ̀mù kejì,” ni ó wí. Ó dúró díẹ̀. “Tàbí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni?”

Mo gba ìyẹn mọ́ra, ṣùgbọ́n oòrùn ti wọ̀ ní 6:15, n kò sì ní tìtorí ẹsẹ̀ dúdú yí i padà.

Ó wá kan èmi láti wẹ tirẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tán, àwọn yòókù sì ń fi ife kọ̀ọ̀kan wẹ ẹsẹ̀ méjì-méjì, nítorí náà mo mú omi inú ọ̀rá lára èyí tí àwọn díákónẹ́ẹ̀sì ti tò sílẹ̀ láti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán. Omi tí ó sun ìta nínú ọyẹ́ ni. Mo fi eyín já a, mo sì dà á sí i lẹ́sẹ̀. “Yéè! Jésù o!” ni Alàgbà ké, ó sì dìde dúró nínú abọ́. Láti yàrá kejì, àwọn obìnrin, tí wọ́n rò pé ìdáríjì ni ó bà lé e, dáhùn lóhùn kan pé, “Halelúyà!” Nígbà tí mo parí, a gbá ara wa mọ́ra bí àṣà. Bùbá funfun ni mo wọ̀. Ìka Bàbá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó kù sí mi lẹ́yìn, ìyàwó mi sì kà wọ́n nígbà tí a délé.

Alàgbà ni ó yẹ kí ó bu àkàrà aláìwú pẹ̀lú Pásítọ̀ lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Àwọn díákónẹ́ẹ̀sì ti fi aṣọ funfun tẹ́ tábìlì, àwọn ife kéékèèké sì ti kún fún omi èso àjàrà tí kò di ọtí. Bàbá rìn lọ síwájú tòun ti ọwọ́ nínú agbádá. Pásítọ̀ ṣí àkàrà, ó dúró kí Alàgbà mú tirẹ̀. Alàgbà kò yọ ọwọ́. Pásítọ̀ tún dúró. Alàgbà bẹ̀rẹ̀, ó sọ nǹkan sí i létí, ó sì yọ ìka kan ṣoṣo jáde fún un láti wò. Pásítọ̀ fi ìwé orin bo ẹnu, ó sì ṣẹ́wọ́ sí alàgbà mìíràn. Bàbá padà wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ nǹkan kan. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, òun tí gbogbo ìjọ mọ̀ pé kì í fi ṣíbí jẹ ohunkóhun ni ó béèrè ṣíbí láti fi jẹ ẹ̀bà.

Ọwọ́ náà kò mọ́. Ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti fi iyanrìn ra á. Ẹnì kan ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì ni yóò bó o, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á sì wà ní òdìkejì títì, ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ìsinmi kò tíì jáde. Bàbá ní ìpàdé àwọn ẹbí ìyàwó ní alẹ́ ọjọ́ náà ní Gwarinpa. Bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń sún mọ́, mo rí i tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ níwájú kàlẹ́ńdà Ìbàdàn. Nígbà tí ó yá, ó wá dúró lẹ́yìn mi.

“Awọnlẹ̀,” ni ó wí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. “Níbi ìṣirò tìrẹ yẹn, kí ni oòrùn wí?”

Mo wo aago mi. “Ó ti wọ̀, Bàbá. 6:16 ni a wà yìí.”

“Òkè kọ́ ni ó bò ó?”

“Òkè kọ́, Bàbá.”

Ó ki ọwọ́ dúdú bọ àpò, ó yọ owó jáde, ó sì rán ọmọ níṣẹ́ kọjá títì. Kí ládàánì tó parí ìpè rẹ̀, kẹrosíìnì ti dé.

Láti ìgbà náà ni Alàgbà ti gbà pé òótọ́ wà nínú ìwọ̀n ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni ó gbà á fún. Ní ọjọ́ Ẹtì, kàlẹ́ńdà Ìbàdàn ṣì ni ó ń fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, oòrùn Kubwa ni ó ń fi parí. Mo ti sọ fún un pé, bí ó ṣe ń ṣe é yìí, wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 45 ni Ọjọ́ Ìsinmi tirẹ̀. Ó ní kí n lọ fọ ìbọ̀sẹ̀ mi.