Oṣù mẹ́rìnlá tí mo fi gbé inú bọ́ọ̀sì mi ní Ìlọrin, àti ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ olè

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló gbé bàbá ọlọ́mọ dé inú mọ́tò. Owó epo ni. Òmù-Àrán nilé mi wà, Ìlọrin niṣẹ́ mi wà. Hiace ni mo fi ń kó ẹrù fáwọn oníṣòwò ní ọjà Mandate. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190 tó sì lé ní ₦500 kí oṣù tó parí, mo jókòó ṣírò rẹ̀. Bí mo bá ń lọ tí mo ń bọ̀ lójoojúmọ́, ilé epo ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Mo tẹ́ fóòmù sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mo so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mo ra bùúta àti kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ó di ọjọ́ Jímọ̀ sí ọjọ́ Jímọ̀ kí Ìyá Ìbejì tó fojú kàn mí.

Ohun tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé ṣé ẹ̀rù kì í bà mí lóru. Lóru kẹ̀? Èmi fúnra mi wà nínú rẹ̀ lóru. Olè tó bá ṣílẹ̀kùn, orí èèyàn ló máa bá. Ìgbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ gan-an ló léwu, ó sì pẹ́ kó tó yé mi. Mọ́tò kò ní balùwẹ̀, kò ní ṣáláńgá. Ẹni tó sọ ọ́ dilé á máa jáde lọ wẹ̀, á máa jáde lọ yàgbẹ́, á máa jáde lọ kírun, àsìkò kan náà lójoojúmọ́. Tèmi, aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni mo máa ń gbé bùúta tí mo máa ń gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ẹni tó bá fọjọ́ mẹ́ta ṣọ́ mi á mọ ìrìn mi ju ìyàwó mi lọ.

Mo sì rò pé mo ti gbọ́n. Rìwáyà kan ti bá mi gé wáyà sítátà, ó fi sùwíìṣì kan pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, kọ́kọ́rọ́ lè yí títí, kò ní kíìkì. Mo ń fi yangàn. Ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan lọ́nà Gánmọ̀ ni mo máa ń gbé e sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí títì, ìyẹn ò sì jọ mí lójú.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ìmáàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ sàlámà tán ni mo gbọ́ tí irin ń dún gbàn-gbàn-gbàn. Ìyá alákàrà tó ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ló ń fi ṣíbí onírin lu etí agbada, tó ń pariwo, "Bàbá Ìbejì! Bàbá Ìbejì o! Wọ́n ń gbé ilé yín lọ!" Ọmọkùnrin mẹ́ta. Wọ́n ti sọ fún un pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ bá mẹ́káníìkì. Ó ní òun bi wọ́n pé mẹ́káníìkì wo ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àsùbáà, wọn ò dáhùn, wọ́n kàn ń tì í. Wọn ò wá sítátà kankan. Irin ni wọ́n fi fipá yí ojú kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi í sí jíà kejì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ṣe ìyókù. Ẹ́ńjìnì ti hó lẹ́ẹ̀kan kí ọlọ́dẹ ilé epo tó yọ sí wọn pẹ̀lú àdá, tí wọ́n fi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo débẹ̀, mo fọwọ́ kan fóòmù mi. Ó ṣì ń móoru.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mọ́tò oníjíà tí wọ́n ń fọwọ́ yí ò nílò sítátà bó bá ti rí ẹni tì í. Wáyà tó ń gbé iná lọ sí pọ́ńpù epo inú táǹkì ló yẹ kí sùwíìṣì ìkọ̀kọ̀ wà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì kì í kú lójú ẹsẹ̀. Epo díẹ̀ tó há sínú páìpù á gbé e rìn, olè á rò pé òun ti rí i ṣe, á wá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tójú ti ń wò ó. Mo dán tèmi wò: mi ò tíì kọjá ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà tó fi kú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí rìwáyà àdúgbò yín ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kó fi sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń fi sí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Ọmọṣẹ́ tó ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un ni mi ò mọ bàbá rẹ̀. Ọ̀ffà ni mo gbé tèmi lọ. Ẹni tó ṣe é ò mọ ibi tí mò ń sùn.

Láti ọjọ́ náà, imú mọ́tò mi ò kọjú sí títì mọ́. Ògiri ni mo ń forí rẹ̀ sí, n ó fi igi há táyà, n ó fi ẹ̀wọ̀n so sítẹ́ẹ̀rìn pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀wọ̀n ò lè dá ògbólógbòó olè dúró, àmọ́ gbéwiri tó bá yọjú rí i á wá ti ẹlòmíì lọ. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi lórí ẹlòmíì ọ̀hún. Àwọn àárọ̀ mìíràn, ẹní ni mo ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí mo fi ń kírun. Ìyá alákàrà ní nọ́ńbà mi, ọlọ́dẹ náà ní in, mo sì ń fún un ní nǹkan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ gáréèjì rò pé ilé ìyàwó kékeré ni mò ń sùn. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Wẹ́dà bá mi rọ àpótí irin bo brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, torí wọ́n lè fi mọ́tò sílẹ̀ kí wọ́n yọ ìyẹn nìkan. Ìwé mọ́tò gidi wà lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, fọ́tòkọ́pì ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì ya fọ́tò nọ́ńbà ṣásí. Tíráká tó ń sọ ibi tí mọ́tò wà? Mo rà á. Síìmù inú rẹ̀ ni mi ò so mọ́ NIN, wọ́n tì í pa lọ́dún 2024, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí n tó mọ̀. Ẹ máa pe tiyín wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ku fèrèsé. Ooru Ìlọrin nínú oṣù kẹta ò ṣeé fẹnu sọ, àmọ́ ẹ má tan ẹ́ńjìnì nítorí AC kẹ́ ẹ wá sùn lọ. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnì tí kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pààyàn. Fèrèsé ni kẹ́ ẹ ṣí. Mo ṣí tèmi níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lóru ọjọ́ kan, wọ́n fi wáyà gígùn fa fóònù mi jáde, èmi ń hanrun. Láti ìgbà náà, ìka méjì péré ni mò ń ṣí i, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì onírin lójú rẹ̀. Fóònù, owó àti kọ́kọ́rọ́, abẹ́ fóòmù níbi orí mi ni wọ́n ń sùn.