Mo kó owó ìpamọ́ mi sínú ilé ijó òru: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Àjàṣẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi pé òun fẹ́ ṣí ilé ijó òru, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: ta ni o fẹ́ rí níbẹ̀? Bó bá ní oníbàárà ni, a lè jókòó ká jọ ṣírò. Ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ jáde nígbà èwe, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kan owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mò ń sọ. Ní 2019, mo kó 2,800,000 sẹ́fà (owó tí a ń ná níbí), owó tí mo fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú nídìí iṣẹ́ rédíò títúnṣe, mo fi ṣí ilé ijó nílùú Àjàṣẹ́ yìí, Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́rìnlá tí mo fi ti ilẹ̀kùn.

Ọdún 1987 ni mo kọ́kọ́ wọ inú boîte, bí a ṣe ń pe ilé ijó òru níbí, mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún. N kò wọ̀ ọ́ bí ẹni tó wá jó. Àpótí àwo ni mo gbé lórí fún ọ̀gá mi tó ń fi orin sí i nílé ijó kan lápá ọ̀sà. Fofó ni gbogbo wa ń pè é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé láàárín àwọn Gùn mọ̀ pé bí ẹní pe ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Fofó kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń bá a gbé àpótí ló tó fún mi láyè láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ohun tó sì sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni pé: "Má wo ojú wọn, ẹsẹ̀ wọn ni kí o wò. Ẹni tó ti rẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà náà ni kí o pààrọ̀ orin."

Agogo mẹ́wàá alẹ́ la máa ń ṣílẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó máa dìde jó títí agogo mọ́kànlá. Orin àwọn ará Kúbà ni Fofó fi máa ń bẹ̀rẹ̀, torí àwọn àgbà tó fẹ́ràn salsa ló máa ń tètè dé, wọ́n sì máa ń tètè lọ. Lẹ́yìn wọn ló kan Poly-Rythmo, ẹgbẹ́ tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní Kútọnu ní 1968. Nígbà tí ilé bá ti ń kún, Fofó á fi Sagbohan Danialou sí i, ọmọ Àjàṣẹ́ wa tó ń lu ìlù tó tún ń kọrin, gbogbo ilé á sì hó, nítorí ọmọ ilé ni. Lẹ́yìn náà ni orin Zaïre, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Kóńgò báyìí, lẹ́yìn Zaïre ni zouk, orin àwọn ará erékùṣù Àńtílì, tí ẹgbẹ́ Kassav' ń kọ. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá ní Kassav' nínú àpótí, kó má wulẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Tó bá ti ń lọ sí agogo méjì òru, iná á rẹlẹ̀, ó di slow, orin jẹ́jẹ́ tí ẹni méjì fi ń dì mọ́ra jó. Àwọn kan dúró de slow láti ìrọ̀lẹ́, a sì mọ̀ wọ́n.

Ẹni tó ni ilé kò gbà kí orin àti ìpè àdúrà pàdé. Kí ìpè àsùbáà tó bẹ̀rẹ̀ la ó ti pa gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni apá tí mo fẹ́ràn jù ti máa ń bẹ̀rẹ̀. A ó jáde sínú ìrì, àwọn obìnrin á gbé bàtà wọn lọ́wọ́, a ó rìn gba iwájú àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bùràsílì padà wá, kọ́, a ó ra àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ ìyá kan tó ti dáná sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. A máa ń sin ara wa délé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹni tó sún mọ́ jù la kọ́kọ́ ń dé, títí á fi ku ẹni méjì. N kò rántí orin tó kẹ́yìn ní òru kankan, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí a sọ lójú ọ̀nà. Ní 1989, nígbà tí ìjọba kò rí owó oṣù san, tí ilé ẹ̀kọ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn la ti ń jiyàn ohun tí orílẹ̀-èdè yìí máa dà. Nígbà tí àpérò gbogbogbòò wáyé ní Kútọnu ní oṣù kejì 1990, ó dà bíi pé a ti sọ ìdajì rẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà ilé ara wa.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé fóònù ló pa ilé ijó. Èmi tí mo wà nídìí ẹ̀rọ rí i pé ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé iye sẹ́fà sí ìdajì: 50 sẹ́fà là ń fi gba fáráǹkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń lu àwo, Faransé ló ti ń wá. Àwo tuntun, bẹ́ẹ̀ náà. Fofó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kásẹ́ẹ̀tì dípò àwo. Ní 1998, omi lọ sílẹ̀ nínú adágún Akosombo ní Gánà, níbi tí apá tó pọ̀ nínú iná wa ti ń wá nígbà yẹn, iná bá ń lọ léraléra. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí òru kan gbọ́dọ̀ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Kò sì ṣeé ṣe láti gbé gbogbo owó yẹn lé ẹnu ọ̀nà, torí owó oníbàárà náà ti gé sí méjì.

Ohun tó wá kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, lójú tèmi, ni búfẹ́ẹ̀tì, ilé ọtí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ wo ẹ̀bá ọ̀nà láti Ouando wọ ìgboro: àga oníke, tábìlì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá méjì, ìgò bíà kan. Orin tí wọ́n ń lù níbẹ̀ kan náà ni ti boîte, kò sì sẹ́ni tó gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ọ, o sì lè lọ sùn ní agogo mẹ́wàá. Ẹ fi àwọn ìnáwó wa kún un, òkú ṣíṣe, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, níbi tí wọ́n ti ta àgọ́ sójú títì tí DJ ń lù títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹni tó ti jó nínú àgọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tó ra aṣọ ẹgbẹ́, tó ná owó, kí ló tún kù tó máa gbé wá sí ilé ijó? Ijó kò kúrò nílùú wa. Ó kàn jáde síta ni.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, síbẹ̀ mo ṣí tèmi. Ìrántí ló tàn mí, ẹ sì jẹ́ kí n sọ bó ṣe tàn mí.

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ mú òru wa ìgbà yẹn padà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Bàbá Ṣẹ̀gun, òru ta ni? Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ gbádùn rẹ̀. Èmi, láti agogo kan ni mo ti ń ronú bí màá ṣe ṣílẹ̀kùn tí bàbá mi kò fi ní gbọ́. Èéfín sìgá máa ń wà nínú irun mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin tí o kò mọ̀ rí á fà ọ́ lọ́wọ́, bí o bá kọ̀ ọ́, á di ìjà." Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ wà, n kò gbọ́ ọ rí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní n kò bi òun.

Mo sì gbàgbé Làmídì, tàbí kí n ní mo gbé e sí kọ̀rọ̀ kan nínú ọkàn mi. Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an kọ́ nìyẹn. Ní 1996, nígbà tí ilé ijó tiwa ti ń tutù, àwa mẹ́rin máa ń gun alùpùpù méjì lọ jó ní Kútọnu, nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bí a ti ń padà bọ̀, ó sùn lórí alùpùpù. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Èmi ni mo lọ kan ìlẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣì ń jáde lóru, ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí: kí ẹ tó wọṣọ, ẹ ti mọ bí ẹ ó ṣe padà sílé, ta ni yóò wa ọkọ̀, ta ni kò ní mu ọtí. Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ sun ibẹ̀ di òwúrọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ la fi ń rìn padà, kò sẹ́ni tó kú nínú wa.

Mo ṣílẹ̀kùn ní oṣù kejì 2019. Mo kun ilé ní àwọ̀ pupa bíi ti ìgbà náà, mo wá gílóòbù onídígí kan gbé kọ́ sókè. Owó ilé jẹ́ 70,000 lóṣù. DJ ń gba 15,000 ní òru kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ń gba 10,000. Òru Sátidé mẹ́rin, iyẹn 100,000. Ó di 170,000 kí n tó ra epo, kí n tó san iná. Owó ẹnu ọ̀nà jẹ́ 1,500, àwọn tó ń wọlé kì í ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ ní Sátidé tó bá dára: 37,500, iyẹn 150,000 lóṣù. Mo ní owó ohun mímu ni yóò dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n búfẹ́ẹ̀tì kan wà ní iwájú wa gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ún tán kí wọ́n tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kó kọ ìṣirò yìí sórí ìwé kó tó kun ilé. Èmi kun ilé ná.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí kò lè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìdajì àwọn oníbàárà mi ló ń jẹun láti ojú ọ̀nà Ìgòlò àti Kraké, àwọn tó ń ta ìrẹsì, àwọn tó ń gbé epo kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fà wọlé láti Nàìjíríà láìgbàṣẹ. Owó kúrò lọ́wọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, epo jẹnẹrétọ̀ mi náà sì gbówó lórí. Ní ìparí oṣù kẹta 2020, Kòrónà dé, ìjọba dí ọ̀nà tó wọ Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú àyíká wọn, wọ́n sì ní kí ilé ijó tì. Mo ti ń jẹ gbèsè owó ilé. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé ijó ní Faransé sọ fún mi lórí fóònù pé títí di oṣù keje 2021 làwọn náà kò fi ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n tún tì wọ́n ní oṣù kejìlá. Kò tù mí nínú.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó. Nínú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, nínú àwa méjìlá tí a jọ ń sin ara wa délé, ẹni mẹ́ta péré ló wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ̀kan lẹ́nu. Ọ̀kan ti di ìmáàmù. Ọ̀kan ní orókùn kò jẹ́ kí òun dúró. Èmi sì jókòó nídìí ilẹ̀kùn, mò ń wò bóyá wọn yóò wọlé, àwọn ọmọ ogún ọdún tí n kò mọ̀ ń jó lẹ́yìn mi.

Ní 2022, ìyá ọ̀kan nínú wa kú. Nínú àgọ́ òkú náà, ẹni mẹ́sàn-án nínú wa pé. Nígbà tí DJ fi Poly-Rythmo sí i, a dìde, a kò tilẹ̀ wo ara wa. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ fún wọn pé kí a má dúró de òkú mìíràn.

Láti ìgbà náà, Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù, a ń pàdé nínú àgbàlá mi. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la ń bẹ̀rẹ̀, kí agogo mẹ́sàn-án tó lù a ti parí. Mo máa ń lọ sọ fún àwọn aládùúgbò láti ọjọ́bọ̀. Oúnjẹ tí kálukú bá gbé wá la ń jẹ. Ẹ̀rọ àwo kan tí mo tún ṣe ló wà níbẹ̀, àpótí Fofó sì ni, àpótí tí mo gbé lórí ní 1987. Ìmáàmù máa ń wá, kì í jó, ó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń mu omi ọsàn. Ìyàwó mi ló ń yan orin slow báyìí. Ọmọ mi Ṣẹ̀gun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí búfẹ́ẹ̀tì. Mo ti máa ń bá a wí pé ìran wọn kò mọ ìgbádùn. Mo ti ṣíwọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ló ń jáde, òun àti àwọn mẹ́rin yẹn náà ló sì ń padà wálé.

Fofó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. A máa ń gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ní oṣù tó kọjá, a ń jó lọ, inú mi dùn, mo rò pé gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Ó fà mí láṣọ. Ó ní: "Pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn méjì ti ń wọ́ ẹsẹ̀ lápá ibi kànga." Mo wo ọ̀hún. Òótọ́ ni.