Ta ló ń lé mi?

Lónìí ní Lágere, níbi tí wọ́n ti ń di ìwé mi pọ̀, ọmọkùnrin tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo rẹ̀ bi mí pé, "Àǹtí, ta ló ń lé yín tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ tán?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Àwa tá à ń tẹ ìwé ara wa jáde, kò sọ́gàá tó máa pè wá.

Mo yọ ìwé kékeré inú báàgì mi hàn án: déètì lápá òsì, iye ọ̀rọ̀ láàárín, ibi tí ìtàn dúró sí lápá ọ̀tún. Yíǹkì ti ràn lójú ewé kan, níbi tí òjò ti bá mi ní Sábó.

Ọ̀rọ̀ 500 lójúmọ́ ni òdiwọ̀n mi. Ẹni tí kò bá dáwọ́ dúró, 120 ọjọ́ ni yóò fi kọ 60,000. Àwọn NaNoWriMo, ètò ìtàn kíkọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999 tó sì kógbá wọlé lọ́dún 2025, máa ń ní tẹ́lẹ̀ kéèyàn kọ 50,000 láàárín oṣù Kọkànlá nìkan, bíi 1,667 lójúmọ́. Fún ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá dáná, ìyẹn ti pọ̀ jù.

N kì í kọ iye tí ìwé máa tà síbẹ̀, ọwọ́ òǹkàwé nìyẹn wà.

Ọmọ náà lóun náà ní ìtàn kan. Mo ní kó fi 200 bẹ̀rẹ̀, kó má sì gbé gbèsè àná lé tòní lórí.