Fóònù Elédè Mẹ́tàlá Dé Àgbádárìgì

Ìyàwó mi ló ní kí n gbé e jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ra fóònù yẹn nìyẹn, mo ṣì ń fi áńkáṣíìfù wé e bí ọmọ ìkókó, n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ dá àjọ ọdún kan gbáko, ẹ kó o tán, ẹ wá fi ra ohun tí ẹ ó máa tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò parọ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, báńà, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ náà ni àwòrán. Ọmọ olóòkú á gbé àwòrán bàbá rẹ̀ wá láti orí WhatsApp, àwòrán tó ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́wàá kọjá, á ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí báńà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Bí mo bá ti fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ojú bàbá á fọ́ bí gàrí. Wọ́n á wá ní èmi ni mo ba bàbá àwọn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé bí àjọ bá kàn mí, Samsung Galaxy S24 Ultra ni mo máa rà, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024. Kámẹ́rà rẹ̀ tó tóbi jù jẹ́ 200 megapixel, ìyẹn ni pé àmì kékeré mílíọ̀nù igba ló ń para pọ̀ di àwòrán kan. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Iye tó fi lé, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti ẹni tó tà á fún mi ní Ìkẹjà.

Ó wúwo o. Gíráàmù 232 ni, ìyẹn kí ẹ tó wọ aṣọ sí i lọ́rùn. Titanium ni wọ́n fi ṣe etí rẹ̀, ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó sì gùn ní íǹṣì 6.8 láti igun dé igun. Bí mo bá kì í bọ àpò bùbá, bùbá á fà sí apá kan bíi pé mo jí òkúta. Bíírò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á yọ orí. Àwọn ìbejì mi rò pé idán ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kámẹ́rà ló gbé mi dé Àgbádárìgì. Ògbufọ̀ ni. Fóònù náà ní ògbufọ̀ kan nínú: ẹ sọ̀rọ̀ lédè kan, á tú u sí òmíràn, á kọ ọ́ sójú, á tún là á lóhùn. Bí ẹ bá ti gba èdè náà sórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò tiẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Èdè mẹ́tàlá ló gbọ́ nígbà tó jáde. Mo ka orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí òbí tó ń wá nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ lára pátákó èsì ìdánwò. Èdè àwọn ará Póláǹdì wà níbẹ̀. Ti Thailand wà. Ti Vietnam wà. Tèmi kò sí. Kò sì jẹ́ pé kò ṣeé ṣe, torí Google Translate ti ń gbìyànjú Yorùbá láti ọdún 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn, ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí iyán gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Samsung ṣèlérí pé ọdún méje ni àwọn ó fi máa tún inú fóònù yìí ṣe. Ẹ jẹ́ ká máa wo 2031.

Faransé wà níbẹ̀ ní tirẹ̀. Mo wá rò ó pé, níbo ni mo ti lè rí ẹni tó ń sọ Faransé láì wọ bàálù? Ọ̀nà ibodè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni, lápá Àgbádárìgì. Bí mo ṣe dájọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Marina, ó gbé mi dé Mile 2. Kìlómítà 13 ni, apá kan rẹ̀ gun orí omi, kò sí ariwo, kò sí ẹni tó ń polówó àgúnmu. Láti Mile 2 lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì, ìdí mi sì mọ ibi tí wọ́n bá a dé. Lẹ́yìn Àgbárá, wọ́n dá wa dúró títí n kò fi lè kà á mọ́. Níbì kan, ẹnìkan nawọ́ sí àpò mi, ó ní, "Rìsíìtì fóònù yẹn dà?" Inú fóònù náà ni mo ya rìsíìtì sí. Mo fi hàn án. Ó fẹ̀ ẹ́, ó tún fẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, fóònù yìí mọ́ o." Ló bá dá a padà. Obìnrin tó jókòó tì mí, tó gbé agbọ̀n adìyẹ sẹ́sẹ̀, mí kanlẹ̀ ju èmi alára lọ.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni mo kọ́kọ́ yà sí, létí ọ̀sà. Ọdún 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. Kò ga. Ẹni tó bá ti Èkó wá lè kọjá lára rẹ̀ kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi onítẹ̀wé, mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní 1845, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi gbéra lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dún kejì. Ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀nà hàn wá sọ pé inú ilé yìí ni Crowther ti ṣe nínú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì jáde ní 1884. Mo ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lẹ́tà òjé ni wọ́n sì ń fi ọwọ́ tò nígbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti òun ti àmì abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí èmi ń kọ́ṣẹ́, lẹ́tà tí ọ̀gá mi ní kò ní àmì. Bí ìwé bá jáde, àwa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á jókòó yí tábìlì ká, a ó máa fi bíírò kan ẹsẹ̀ sí ọ àti ẹ, igba ìwé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìwé. Ẹni tó bá fo ọ̀kan gba ìgbátí. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú fọ́ǹtì tí mo ní ló máa ń sọ lẹ́tà ọ di àpótí òfìfo.

Láti ibẹ̀, a lọ sí ibùdó ẹrú Séríkì Fárémí Williams Abass. Ìtàn ọkùnrin yẹn kò rọrùn láti gbọ́. Jọ́gà ni wọ́n ti jí i gbé nígbà tó wà lọ́mọdé, ó bá ọ̀gá ará Bùràsíìlì lọ, ó padà dé, òun náà wá di oníṣòwò ẹrú, ó lọ́lá, ó joyè, ó kú ní 1919. Yàrá 40 ni wọ́n ní ó wà nínú ọgbà náà. Afọ̀nàhàn wa ní ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Potogí, Sípéènì àti èdè àwọn ará Holland. Mo yára yẹ fóònù mi wò lábẹ́lẹ̀. Ti Holland kò sí nínú tirẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan níbẹ̀ ni n kò tíì gbàgbé. Yàrá náà kéré, ó ṣú, fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò lọ. Mo gbé fóònù sókè, mo yà á. Fóònù yìí mọ òkùnkùn ún bá jà; ó dúró díẹ̀, ó kó ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó wà jọ, ó sì fún mi ní àwòrán kan tó mọ́lẹ̀ kedere. Ògiri funfun. Ilẹ̀ tó tẹ́jú. Èmi tí mo dúró níbẹ̀, n kò rí ohun tí fóònù rí. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan láìkọ nǹkan kan sí i. Kò pẹ́ ló fèsì: "Ẹ kú oríire o! Ṣé ẹ ti rí yàrá gbà? Èló ni wọ́n ń gbà lọ́dún?" N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Nígbà tó yá, mo pa àwòrán náà rẹ́.

A wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gbẹ́rẹ̀fú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ní bó bá wọ omi mítà kan ààbọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nǹkan kan kò ní ṣe é. Omi lásán ni wọ́n ń wí, kì í ṣe omi òkun, nítorí náà mo so ó sínú ọ̀rá, mo tún fi ọ̀rá mìíràn lé e. Atukọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan ní Ègùn sí ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. A rin iyanrìn láàárín igi àgbọn títí, a kọjá lára kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún ẹrú mu kó lè gbàgbé ilé, a dé ibi tí wọ́n ń pè ní ibi àìpadàbọ̀. Òkun ń hó. N kò yọ fóònù nínú ọ̀rá.

Ọjọ́ ọjà Àgbálátà bọ́ sí Àbámẹ́ta náà, ìyẹn ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń bá ọ̀sà wá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, tó ń bá aláàárù kan sọ Faransé fẹẹrẹfẹ. Ara mi yá gágá. Mo ṣí ògbufọ̀, mo fi Faransé sápá tirẹ̀. Sápá tèmi, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sí, kí ni mo tún fẹ́ fi sí i? Mo béèrè iye ẹja. Fóònù sọ ọ́ jáde ní Faransé pẹ̀lú ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dá fóònù lóhùn. Fóònù kọ ọ́ fún mi: méjì, ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Ibi tí ó ti bàjẹ́ ni ọjà nínà. Ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ná ẹja? Mo fẹ́ sọ pé kó bá mi ṣe é dáadáa, mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, fóònù náà tú u bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyá wo ẹja, ó wò mí. Ó dá fóònù lóhùn, fóònù kọ ọ́ pé: ó ti gbẹ, báwo lẹ ṣe tún fẹ́ kí n ṣe é? Bí mo ṣe ń wá Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ló pòṣé, ó ní:

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Aláàárù yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ìsọ̀ bá a rín in. Mo kì fóònù bọ àpò, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Mo gbọ́ ọ."

"Àjàṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti wá. Yorùbá là ń sọ nílé, Ègùn là ń sọ lọ́jà, Faransé wà fún ìwé ìjọba. Kí ni nǹkan yẹn ń gbọ́?"

Mo ní èdè mẹ́tàlá. Ó ní, "Kò sì gbọ́ ẹja." Ó yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà kúrò fún mi, ó ní ti ẹ̀rín nìyẹn.

Bó ṣe ń bá mi dì í ni mo rí páálí tó gbé ti igbá, tó fi èédú kọ: ƐJA GBIGBƐ. Ojú onítẹ̀wé ló kọ́kọ́ rí i, ó sì yún mi. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yìn ni wọ́n kọjú E yín sí." Ó tún wò mí bó ṣe wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kíláàsì àgbà ni òun ti kọ́ ọ, pé báyìí ni wọ́n ń kọ Yorùbá lọ́dọ̀ àwọn, Ɛ tí kò ní ẹsẹ̀, Ɔ tí kò ní ẹsẹ̀. Mo ti ń tẹ ìwé Yorùbá láti ìgbà ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, n kò mọ̀ pé ìrìn ọjọ́ kan sí ìdí ẹ̀rọ mi, àwọn kan ń kọ ọ́ láìkan ẹsẹ̀ sí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbá wọn létí.

Mo tọrọ àyè, mo ya páálí náà. Odindi megapixel 200 ni mo fi yà á. (Ẹ ní láti sọ fún un o. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á pa àmì kékeré 16 pọ̀ di ẹyọ kan, megapixel 12 ni yóò gbé fún yín.) Ìdajì bátìrì ló kù nígbà tí mo délé lálẹ́, ìyàwó mi gba ẹja, kò béèrè fóònù.

Mo tẹ àwòrán náà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, mo gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò fọ́ rárá. Ẹ lè rí lẹ́búlẹ́bú èédú lára páálí. Oníbàárà mẹ́ta ló ti wọlé wá béèrè èló ni ẹja. Èyí tó wá lánàá kò béèrè ẹja, tíṣà ni. Ó dúró níwájú rẹ̀ títí, ó mi orí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ mà yí E yín sódì."